Séèfù ń dún, ilẹ̀kùn kò ṣí

Ìtòsí ọjà Atákúnmọ́sà ní Iléṣà ni mo ti ń ta kọ́kọ́rọ́ àti séèfù. Bí mo ṣe ń dá àwọn oníbàárà lóhùn ní ṣọ́ọ̀bù náà ni mo ṣe kọ ọ́ síbí.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Séèfù wa ń tan iná, ó sì ń dún tí mo bá tẹ nọ́ńbà, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ kò yí. Kọ́kọ́rọ́ tó bá a wá wà nínú rẹ̀. Ọkọ mi ní kí n pe wẹ́dà kó wá gé e.

Ìdáhùn: Ẹ má tíì pe wẹ́dà o, ìyá wa. Bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Agbára díẹ̀ ni iná kékeré yẹn ń fẹ́; èyí tó máa fa irin inú ilẹ̀kùn ló ń fẹ́ púpọ̀. Bátìrì olówó pọ́ọ́kú lè má gbé e, bó tilẹ̀ jẹ́ tuntun. Ẹ ra AA alkaline mẹ́rin, kí ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá jẹ́ pé inú séèfù ni ilé bátìrì wà, ẹ wo ìtòsí ibi tí ẹ ń tẹ̀: àwọn kan ní ojú irin méjì tí wọ́n ń fi bátìrì 9V kàn, àwọn mìíràn ní ihò tí wọ́n ń ki wáyà bátìrì ìta bọ̀.

Tí kò bá ṣí síbẹ̀, ẹ fi orúnkún ti ilẹ̀kùn wọlé kí ẹ tó yí ọwọ́ rẹ̀. Ẹrù tó kún inú máa ń ti ilẹ̀kùn síta, irin á sì há. Mo ti rí séèfù tí wọ́n rún aṣọ òkè mẹ́ta mọ́ rí! Bí ẹ bá sì ti ṣi nọ́ńbà tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó lè ti ara rẹ̀ pa fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ lọ jẹun ná.

Ti kọ́kọ́rọ́ yẹn, mi ò ní bú yín, ẹ ò dá wà. Lọ́jọ́ tó bá ṣí, ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ náà lọ sílé àbúrò yín.

Ìbéèrè: Gbogbo ilé jáde lọ wo ọdún Ìwúdè, ni olè bá gbé séèfù bàbá wa lọ tòun tẹrù inú rẹ̀. Èwo ni ká rà báyìí?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kílò 50 ni àpò sìmẹ́ǹtì kan, ọmọ bíríkìlà sì ń rù ú gun àkàbà. Kí wá ni séèfù kílò 15? Èyí tó ní ihò bóòtù nísàlẹ̀ ni kí ẹ rà, kí wọ́n fi bóòtù dè é mọ́ ilẹ̀ kọnkéré láti inú. Ògiri búlọ́ọ̀kù ṣófo nínú, bóòtù á kàn máa yí lásán. Ti ògiri amọ̀ àwọn bàbá wa tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Igun yàrá ló dára, kí olè má ráyè ti irin bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ tì í, kí ẹ máa fi ọwọ́ gbá orí rẹ̀ bí ẹ ṣe ń yí ọwọ́ ilẹ̀kùn. Tó bá ṣí, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á, ìbáà ṣe èmi.

Ìbéèrè: Mo ra èyí tí iná kì í jó. Ìwé ilẹ̀ wa ti wá hu èéhù nínú rẹ̀.

Ìdáhùn: Ohun tí wọ́n rọ sáàárín irin rẹ̀, tó ń dènà iná, ní omi lára; ọ̀rinrin yẹn ló ń bọ́ sínú. Ẹ fi ìwé sínú ọ̀rá tó ṣeé dì, ẹ kó àpò kékeré tó máa ń bá bàtà tuntun wá sí i, kí ẹ sì máa ṣí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ má tìtorí èyí pààrọ̀ rẹ̀ sí irin lásán: tí ilé bá jó, inú irin lásán á dà bí ààrò. Séèfù tí wọ́n dán wò fún ìwé kì í jẹ́ kí inú kọjá nǹkan bí 177°C. Fláàṣì tí a ń kó fáìlì kọ̀ǹpútà sí kò lè gba ìyẹn, kò gbọdọ̀ kọjá nǹkan bí 52°C. Wúrà ní tirẹ̀ kì í yọ́ títí di 1,064°C.

Ìbéèrè: Nọ́ńbà wo ni kí n lò?

Ìdáhùn: Kì í ṣe èyí tó bá a wá láti ilé iṣẹ́, kì í sì í ṣe ọdún ìbí yín. Ilẹ̀kùn ṣíṣí sílẹ̀ ni kí ẹ ti dán nọ́ńbà tuntun wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ẹ tó tì í.