Àṣìṣe Tí A Máa Ń Ṣe Nípa Áàpù Tí Kì Í Ṣiṣẹ́ Láìsí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹ má ṣe rò pé áàpù tí ẹ ti gbà sórí kọ̀ǹpútà ti di tiyín. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ sáfà (kọ̀ǹpútà ńlá tí a ń bá sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì) iléeṣẹ́ tí ó ṣe wọ́n bóyá ẹ ti sanwó, bí wọn kò bá sì rí ìdáhùn gbà, wọn kò ní ṣí. Adobe, iléeṣẹ́ tí ó ṣe Photoshop tí a fi ń tún àwòrán ṣe, tilẹ̀ ń ro ti oníbàárà díẹ̀: ẹni tí ó ń sanwó lóṣooṣù lè lo áàpù wọn fún 30 ọjọ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tí ó san ti ọdún sì ní 99 ọjọ́. Ti géèmù SimCity tí ó jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2013 burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ẹni tí ó fẹ́ dá ṣeré nínú yàrá rẹ̀ pàápàá gbọ́dọ̀ so mọ́ sáfà, èrò sì pọ̀ débi pé ọ̀pọ̀ tó ti rà á kò rí i ṣí. Ó tó ọdún kan kí wọ́n tó yọ̀ǹda kí a máa ṣe é láìsí íntánẹ́ẹ̀tì.

Àṣìṣe tí ó dùn mí jù ni ti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí ó ń ta oògùn. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, tí àwọn okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, mo wà ní ìsọ̀ rẹ̀. Àmì róbótó kan ń yí lójú kọ̀ǹpútà, oníbàárà mẹ́ta dúró, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ iye tí oògùn ibà jẹ́, nítorí pé inú áàpù tí ó fi ń tajà nìkan ni iye owó gbogbo ọjà wà. Ìwé onílà tí ó ti jù sábẹ́ káńtà láti ọdún tó kọjá ni a wá tú jáde, owó àtijọ́ ni ó sì fi tajà lọ́jọ́ náà.

Ẹ má ṣe bi ẹni tí ó ń ta áàpù bóyá ó ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. “Bẹ́ẹ̀ ni” ni wọn yóò máa wí. Ẹ pa Wi-Fi àti dátà, ẹ pa kọ̀ǹpútà náà, ẹ tún un tàn, kí ẹ tó ṣí áàpù náà, torí èyí tí ó ti wà ní ṣíṣí tẹ́lẹ̀ lè tàn yín jẹ. Ẹ má sì dúró di ìgbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ kí ẹ tó ṣètò Google Docs, áàpù ìkọ̀wé ti Google, kí ó lè ṣiṣẹ́ nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀: ìgbà tí íntánẹ́ẹ̀tì wà ni a ń ṣe é, lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀.

Ní ti ẹ̀gbọ́n mi, ọjọọjọ́ Mọ́ńdè ni ó ń tẹ iye owó ọjà sórí ìwé báyìí, tí ó sì ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn káńtà.