Ẹ má fi alùpùpù sí fíríì lórí òkè Ẹ̀fọ̀n

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Kò sẹ́ni tó bi mí, àmọ́ mo gbọ́ pé àwọn kan nínú wa fẹ́ gun alùpùpù láti Iléṣà gba Ìwáràjà lọ sí Ẹ̀fọ̀n Aláayè.

Ìsọ̀kalẹ̀ òkè ló kàn mí jù. Àwọn èèyàn wa a máa pa ẹ́ńjìnnì tàbí kí wọ́n bọ́ jíà sí fíríì, ìyẹn ni pé kò sí jíà kankan tó wọlé, torí pé epo wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́. Bí alùpùpù bá wà nínú jíà kejì, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ á máa fà á sẹ́yìn. Ní fíríì, búréèkì nìkan ló kù, èyí tí ẹ bá sì tẹ̀ mọ́lẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ á gbóná débi pé kò ní mú mọ́. Jíà tí ẹ fi gun òkè náà ni kí ẹ fi sọ̀ ọ́.

Ní ti kọ́nà, kí ẹ tó wọ̀ ọ́ ni kí ẹ ti dín eré kù. Ibi tí ẹ fẹ́ gbà jáde ni kí ojú yín wà, kì í ṣe kòtò. Èyí tó yí sósì ló máa ń tan èmi gan-an jẹ: bí ẹ ti ń tẹ̀ sí òsì, táyà á wà lọ́wọ́ tiyín, orí yín á ti rékọjá sọ́wọ́ tírélà tó ń bọ̀. Ẹ sún sọ́tùn-ún díẹ̀, ẹ fún hóònù.

Bí kùrukùru bá bo òkè láàárọ̀, ẹ jókòó ti àkàrà yín ní Ìwáràjà títí yóò fi ká.