Má fi ààbọ̀ ọ̀rọ̀ rán AI níṣẹ́: àṣìṣe tí mo ń rí lójoojúmọ́ ní Ilé-Ifẹ̀

Àwọn àgbà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. AI, ìyẹn ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n àtọwọ́dá tó ń kọ èsì sí ọ̀rọ̀ téèyàn bá kọ sí i, náà máa ń sọ ààbọ̀ ọ̀rọ̀ di odindi, àmọ́ odindi tirẹ̀ ni, kì í ṣe tìrẹ. ChatGPT, ọ̀kan lára irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2022. Láìpẹ́ sígbà náà làwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í mú fóònù wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé mi ní Lágéré, pé kí n bá wọn tẹ ohun tí ẹ̀rọ kọ fún wọn. Ó máa ń dùn mí bí wọ́n bá ní ẹ̀rọ náà ò mọ nǹkan kan, nígbà tó jẹ́ pé iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni kò délẹ̀.

Màmá kan tó ń ta aṣọ ní Sábó kọ báyìí sí i: “Kọ lẹ́tà sí kọ́sítọ́mà mi nípa owó.” Lẹ́tà tó jáde ń dúpẹ́ lọ́wọ́ kọ́sítọ́mà, ó tún ṣèlérí ẹ̀dínwó fún un. Bẹ́ẹ̀ owó àwìn ni màmá fẹ́ gbà! Ọmọ Iléṣà ni wọ́n, òṣómàáló sì ni bàbá wọn. Mo bi wọ́n pé: bí bàbá yín bá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, ṣé “owó” nìkan ni wọ́n máa ń wí? Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bàbá á dárúkọ aṣọ, iye rẹ̀, àti ọjọ́ tí wọ́n jọ fi àdéhùn sí. Bí a ṣe tún iṣẹ́ náà rán nìyẹn:

“Aṣọ ni mò ń tà ní Sábó, Ilé-Ifẹ̀. Kọ lẹ́tà tí kò ní ju ọ̀rọ̀ 80 lọ sí ẹni tó jẹ mí ní ₦45,000 owó àǹkárá láti oṣù mẹ́ta. Àgbàlagbà ni, fi ‘ẹ’ bá a sọ̀rọ̀. Ní kó san ìdajì kí oṣù yìí tó parí. Má halẹ̀ mọ́ ọn, má sì fi ìlérí kankan tí mi ò ṣe kún un.”

Ẹ̀ẹ̀kan náà ló kọ ọ́ tó sì bọ́ sí i.

Àṣìṣe tó burú jù lójú tèmi ni kéèyàn jẹ́ kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ wá òótọ́ ọ̀rọ̀ wá. Bí kò bá wá nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ tó jọ pé ó yẹ kó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ló ń fojú dá, kò ṣíwèé kankan wò. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń mú àlejò káàkiri ìlú ní kó kọ ìtàn àwọn orí idẹ Ifẹ̀ fún òun. Ńṣe ló da àwọn tí wọ́n wú jáde ní agbo-ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938 pọ̀ mọ́ ti Bìní táwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó lọ ní 1897. Ká ní ó ti kà á létí àlejò láàrin Ifẹ̀ ńkọ́? Lẹ ohun tó o ti mọ̀ síbẹ̀, kó o wá sọ pé: “Èyí nìkan ni kó o lò. Ohun tí kò bá sí níbí, sọ pé kò sí.” Bẹ́ẹ̀ náà ni oríkì. Má ní kó kọ oríkì ìdílé yín, torí yóò hun ún, yóò sì dùn létí, irọ́ ni yóò sì jẹ́.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní tiwọn kì í pa ìfọ̀rọ̀wérọ̀ dé. Ojú ibì kan náà ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ lórí kòkó, tí wọ́n ti ń bèèrè bí wọ́n ṣe ń se ẹ̀fọ́, tí wọ́n sì tún ti ń kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́. Ohun tí ẹ̀rọ lè rántí lẹ́ẹ̀kan náà níwọ̀n. Bí ọ̀rọ̀ bá ti gùn jù, òfin tó o fún un láàárọ̀ á ti máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kòkó á sì yọjú nínú lẹ́tà. Iṣẹ́ tuntun, ojú ewé tuntun. Bí èyí tó ò ń ṣe bá sì gùn, máa tún àwọn òfin pàtàkì kà fún un.

Bó o bá ń fi Yorùbá kọ ọ́, fi àmì sí i. Ẹnì kan kọ “oko mi ti baje”, ọkọ̀ rẹ̀ ló ń sọ, ìmọ̀ràn nípa oko ló gbà. Bí àmì ò bá sí lórí fóònù rẹ, sọ ọ́ kó yé e: “oko ayokele mi”.

Iṣẹ́ márùn-ún nínú gbólóhùn kan kò dáa, ọ̀kan tàbí méjì ni yóò fojú fò. Má sì kọ BVN tàbí nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì ATM síbẹ̀ láéláé.

Ohun kan wà tí èèyàn kì í sábà rántí: kí wọ́n ní kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ bèèrè. Mo kọ́ màmá aláṣọ láti máa fi kún un pé, “Kó o tó kọ ọ́, bi mí ní ohun tí kò bá yé ọ.” Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n fẹ́ kọ lẹ́tà sí onígbèsè mìíràn. Ìbéèrè mẹ́ta ló kọ́kọ́ bi wọ́n: èló ló kù, ìgbà wo ni wọ́n ra ọjà, ṣé ẹbí ni àbí oníbàárà lásán? Màmá gbójú sókè, wọ́n ní ẹbí ni, àbúrò ìyá ọkọ àwọn.