Bí Mo Ṣe Ya Fọ́tò Òkè Ìdànrè Lẹ́yìn Òjò

Oṣù Ṣẹẹrẹ ni mo kọ́kọ́ gbé kámẹ́rà láti Àkúrẹ́ lọ sí Òkè Ìdànrè, mo sì padà sílé pẹ̀lú fọ́tò tí kò wú mi lórí rárá. Ọyẹ́ ti bo ojú ọ̀run, ó sọ àpáta gogoro di ohun rúúrúú bí èéfín. Oòrùn ọ̀sán gangan sì wà ní àtàrí, kò sí òjìji kankan tí yóò ya ibi tó jin kòtò sọ́tọ̀ kúrò lára ibi tó yọ gọngọ. Ẹni tí kò bá dé Ìdànrè rí kò lè mọ̀ pé òkè ńlá ni mo yà.

Mo dúró di oṣù Ọ̀wàrà, nígbà tí òjò ti fọ eruku kúrò nínú afẹ́fẹ́. Mo sùn sí Òde Ìdànrè ní alẹ́ ọjọ́ kan tí òjò rọ̀ dáadáa, lẹ́yìn tí mo ti bá amọ̀nà kan sọ ọ́ pé a ó gòkè ní ìdájí. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ni a gùn kí a tó dé ìlú àtijọ́ tí àwọn ará Ìdànrè gbé kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀.

Bí mo ṣe fa kámẹ́rà yọ ni ìrì bo ojú lẹ́ǹsì. Mo fi aṣọ nù ún, ó tún bò ó. Yàrá tí mo sùn ní ẹ̀rọ amúlétutù, gíláàsì náà sì ti tutù tó bẹ́ẹ̀ tí omi inú afẹ́fẹ́ fi ń dì mọ́ ọn. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 ni mo fi wò ó, tí ọkàn mi kò balẹ̀, kí ó tó gbẹ. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń gbé kámẹ́rà kúrò nínú òtútù ní wákàtí kan ṣáájú, nínú àpò rẹ̀ tí mo pa dé.

Nígbà tí oòrùn yọ, ó gba ẹ̀gbẹ́ àpáta kọjá, àwọn ìlà dúdú tí omi òjò ti ṣàn gbà fún ọ̀pọ̀ ọdún sì hàn lára òkúta bí ilà ojú. Ní ọjọ́ 10 oṣù Igbe, ọdún 1927, nígbà tí Ansel Adams, ayafọ́tò ará Amẹ́ríkà, ń ya àpáta Half Dome ní California ní fọ́tò dúdú àti funfun, gíláàsì pupa tí à ń pè ní asẹ́ ni ó fi sójú lẹ́ǹsì kí ojú ọ̀run lè ṣókùnkùn lẹ́yìn àpáta náà. Gíráníìtì ni tiwọn, gíráníìtì náà sì ni tiwa. Fọ́tò aláwọ̀ ni mo fẹ́ ní tèmi, nítorí náà asẹ́ polarizer, èyí tó ń pa dídán, ni mo lò. Ó máa ń ṣiṣẹ́ jù nígbà tí oòrùn bá wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹni tó ń yà á. Bí mo ti ń yí i díẹ̀díẹ̀ ni dídán omi ń kúrò lára òkúta, tí àwọ̀ rẹ̀ gan-an sì ń jáde. Àmọ́ ó ń jẹ ìmọ́lẹ̀. Pẹ̀lú ISO 100 (bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó) àti f/11 (bí ihò lẹ́ǹsì ṣe fẹ̀ tó), ìdá mẹ́jọ ìṣẹ́jú àáyá kan ni kámẹ́rà ní láti lajú, ọwọ́ kò sì lè gbé e dúró. Mo gbé e ka ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, mo so àpò mi rọ̀ sábẹ́ rẹ̀ kí atẹ́gùn má baà mì í, mo sì jẹ́ kí ó ka ìṣẹ́jú àáyá 2 kí ó tó yà.

Lẹ́yìn náà ni mo rí kòtò kan lórí àpáta, tí omi òjò dúró sí, tí kò fẹ̀ ju àwo iyán lọ. Mo dọ̀bálẹ̀, mo gbé kámẹ́rà sún mọ́ omi náà, òkè iwájú sì hàn nínú rẹ̀ lódindi. Mo yọ asẹ́ kúrò kíákíá, nítorí ohun kan náà tó ń pa dídán ń pa òjìji inú omi.

Síbẹ̀, òkè náà kò tíì ga tó nínú fọ́tò. Mo bẹ amọ̀nà kí ó lọ dúró sí ìdí àpáta lọ́hùn-ún.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ó rí mi báyìí?”

Mo ní kí ó má mira. Nínú fọ́tò 86 tí mo yà, èyí tí mo tẹ̀ jáde ní Àkúrẹ́ nìyẹn. Ó kéré níbẹ̀ bí èèrà, ṣùgbọ́n ẹ̀wù pupa rẹ̀ hàn kedere.