Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ gbé ọmọ kékeré lọ ṣe ọlidé
Ẹ̀yin ará ilé, tẹ́ ẹ bá ní ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n rìn, ẹ kọ́kọ́ ro bó ṣe máa pẹ́ nínú mọ́tò kẹ́ ẹ tó mú ibi tẹ́ ẹ máa lọ o. Láti Ṣágámù, Agodi Gardens n'Ìbàdàn ò jìnnà, igi wà, ibòji wà, ọmọ á kàn máa sáré kiri ni. Òkè Olúmọ dáa lóòótọ́, àmọ́ èmi pọn tèmi gun àtẹ̀gùn yẹn, ká tó dókè ẹ̀yìn mi ti fẹ́ẹ̀ kán, ọmọ ti sùn fọnfọn, kò rí nǹkan kan! Ibi tó bá sì ní omi ìlúwẹ̀ẹ́, ẹ bèèrè bóyá wọ́n ṣe ọgbà yí i ká kẹ́ ẹ tó sanwó yàrá. Gààrí Ìjẹ̀bú tiyín náà ńkọ́, ẹ dì í, ṣùgbọ́n oúnjẹ ọmọ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dì.