Bí A Ṣe Ń Yan Katíríìjì fún Ẹyẹ Tó Ń Fò Lókè Réré

Ara ìbọn rẹ ni kó o kọ́kọ́ kà. Wọ́n ti fín in síbẹ̀ bóyá 12 ni tàbí 20 (nọ́ńbà tó ń sọ bí ihò ìbọn ṣe fẹ̀ tó; 12 fẹ̀ ju 20 lọ), àti gígùn katíríìjì, ìyẹn ọta ìbọn, tó ń gbà: mílímítà 65, 70 tàbí 76. Èyí tó bá gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, má lò ó, kódà bó bá wọlé. Má sì da katíríìjì 20 pọ̀ mọ́ ti 12 nínú àpò kan láé. Ti 20 máa ń yọ̀ wọnú ìbọn 12, á há síwájú. Ẹni tí kò bá fura á ki òmíràn tẹ̀ lé e, ìbọn á sì bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ó wá ku wóró, àwọn ọta kéékèèké tó wà nínú katíríìjì. Bí nọ́ńbà bá ṣe kéré sí ni wóró ṣe ń tóbi sí, ṣùgbọ́n 6 ti Amẹ́ríkà àti 5 ti Gẹ̀ẹ́sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, nítorí náà mílímítà ni kó o máa wò. Wóró òjé mílímítà 2.8, tí gbogbo wóró inú katíríìjì kan jẹ́ gíráàmù 32, ni kó o fi bẹ̀rẹ̀. Òun lèmi ń lò. Níbi tófin bá ti ka òjé léèwọ̀, mú irin mílímítà 3.3, torí irin fúyẹ́ ju òjé lọ. Kí ìbọn rẹ ṣáà jẹ́ èyí tí wọ́n fọwọ́ sí fún irin.

Ibi tí wọ́n ti ń bà á jẹ́ nìyí: wọ́n á ra èyí tó wúwo jù, tó yára jù, wọ́n á sì gba igbó lọ láìdán an wò. Afẹ́fẹ́ á ti gba púpọ̀ nínú eré yẹn kó tó kan ẹyẹ. Èjìká ni yóò jẹ ìyà rẹ̀. Bí wóró bá fọ́n ká jù, ẹyẹ á gba ẹyọ kan tàbí méjì, á fò lọ jẹ̀rora kú síbi tí ajá ò ní rí i. Ìwà ìkà ni.

Nítorí náà, kọ́kọ́ yìn ín lu bébà kó o rí bí wóró ṣe ń fọ́n ká. Páálí ńlá tó o ṣí pelebe tó o, má náwó sórí nǹkan mìíràn. Gbé e síwájú òkìtì yẹ̀pẹ̀, fi téèpù wọn yáàdì 40, má fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n. Yìn ín ná, kó o tó fa òbìrí: mú okùn tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 38, fi orí rẹ̀ kan mọ́ àárín ibi tí ihò ti pọ̀ jù lọ, kó o fi orí kejì yí i ká. Àwọn tó ń fa òbìrí ṣáájú, bí wọ́n ṣe ń fojú sun ìbọn ni wọ́n ń dán wò, kì í ṣe katíríìjì. Ka ihò inú rẹ̀. Ó yẹ kó lé ní 120, kí àlàfo tó lè gba ara ẹyẹ má sì sí níbẹ̀. Páálí márùn-ún ni, ẹyọ kan kì í sòótọ́.

Bí kò bá pé, lo ẹnu ìbọn tó fún sí i kó o tó lọ ra èyí tó wúwo. Irin nìkan ni ẹnu tó fún jù kò yẹ. Bó bá wá pé, sún páálí sẹ́yìn ní yáàdì márùn-ún márùn-ún. Ibi tí iye náà bá ti já wálẹ̀ sísàlẹ̀ 120, ẹyẹ tó bá ga jù ibẹ̀ lọ, jẹ́ kó máa lọ.