Bí Ẹ Ṣe Lè Gbọ́ Tróńpẹ́ẹ̀tì Ítálì Lórí Ìlù Nọ́wè

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti ń lu agogo ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ The Pilgrim and the Stars, àwo orin jáàsì Enrico Rava, lórí fóònù, nínú danfó, mo ní onílù yìí ti ṣìnà. Àṣé etí tèmi ló ṣìnà. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá íápíìsì gidi. Ohùn báàsì kì í jáde lára fóònù, báàsì yìí sì ni òpó ilé.

Kí ẹ tó débẹ̀, ẹ gbọ́ àwo Jazz på svenska tí Jan Johansson, atẹpíánò ará Swídìn, gbé jáde ní 1964. Píánò àti báàsì péré ni, orin ìbílẹ̀ Swídìn ni wọ́n ń fi wọ́n kọ. Ẹ kíyè sí i bó ṣe ń tẹ ohùn kan tí á sì jẹ́ kó rọlẹ̀ kó tó tẹ òmíràn. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, kí ìdákẹ́ yẹn mọ́ yín létí.

Ó wá kan àwọn mẹ́rin tó ṣe The Pilgrim and the Stars ní Jámánì ní 1975. Rava, ọmọ Ítálì tí wọ́n bí sí Trieste, ló ń fọn tróńpẹ́ẹ̀tì. Palle Danielsson ará Swídìn ló ń ta báàsì, Jon Christensen ará Nọ́wè ló ń lu ìlù. Ará Amẹ́ríkà ni John Abercrombie onígìtá. Ẹ jẹ́ ká forí jì í lónìí.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ pa tróńpẹ́ẹ̀tì tì, ẹ dì mọ́ àwo idẹ tí Christensen ń lù. Ẹ má wá kóńkóló níbẹ̀ o, kò sí! Àwa a máa fi agogo kan àkókò mọ́lẹ̀ bí ìṣó. Òun ń wọ́n ọn ni, bí ẹni ń wọ́n omi sílẹ̀ kó tó gbálẹ̀. Bí ẹsẹ̀ yín bá sọnù, ẹ sá tọ Danielsson lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá tẹ̀lé Rava. Orin ẹnu ló ń fi tróńpẹ́ẹ̀tì kọ: á fa ohùn lọ sókè, á jẹ́ kó há díẹ̀ bí ohùn ẹni tí ẹkún ń gbọ̀n. Bó bá wá dákẹ́ láti mí, ẹ fetí sí ìlù. Kò sáré dí àlàfo náà. Onílù tiwa ì bá ti fọ́ ọ kalẹ̀, tí gbogbo ìjọ á pariwo.

Tó bá ti mọ́ yín lára, ẹ yí ọ̀rọ̀ padà: ẹ wá àwo Gleda, ti 2005. Orin Skandinéfíà (ìyẹn Swídìn, Nọ́wè àti Dẹ́ńmákì) ló wà níbẹ̀, ọmọ Ítálì, Stefano Bollani, ló ń tẹ píánò, àwọn ará Dẹ́ńmákì méjì, Jesper Bodilsen àti Morten Lund, sì gbè é. Ẹ sọ fún mi, ta ló ń dákẹ́ níbẹ̀?